Kọ́ìlì, plọ́ọ̀gì àti kọ́ńtáàtì ọkọ̀ àtijọ́: bí ẹ ṣe lè mọ èyí tó bá ọkọ̀ yín mu

Ẹni tó bá ti lọ ra páàtì ní Gate n'Ìbàdàn tàbí ní Ládípọ̀ l'Ékòó rí mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ ní kọ́ìlì lẹ fẹ́ rà, ọlọ́jà á gbé mẹ́ta kalẹ̀ lórí káńtà. Ọ̀kan jẹ́ tòkunbọ̀, èyí táwọn kan ń pè ní Belgium. Ọ̀kan jẹ́ tuntun nínú páálí tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá sí lára. Ẹ̀kẹta jẹ́ tuntun tí kò lórúkọ rárá. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra bí ìbejì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì máa wọ ibi tí wọ́n ti tú ti àtijọ́ kúrò. Owó wọn nìkan ló yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á mú èyí tí owó ọwọ́ wọn ká, ọkọ̀ á sì sítáàtì lójú ẹsẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ kejì lójú ọ̀nà márosẹ̀, tí ẹ́ńjìnì ti gbóná dáadáa, kó tó ó kú.

Páàtì lè wọlé síbi tó yẹ kó wọ̀, kó má sì bá ọkọ̀ mu. Àwọn páàtì tó ń dáná fún ẹ́ńjìnì, bíi kọ́ìlì, résísítọ̀, kọ́ńtáàtì, wáyà àti plọ́ọ̀gì, ṣe ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bí ọmọ ìyá. Tí ẹ bá pààrọ̀ ọ̀kan láì wo àwọn yòókù, èyí tó kù á jẹ ìyà rẹ̀. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023 sì rèé, ọkọ̀ tí iná rẹ̀ kò dára, tó ń jó epo láìsí agbára, ti di ìnáwó tí kò ṣeé fojú fò.

A máa fi Volkswagen Beetle, ọkọ̀ tí àwọn àgbà wa ń pè ní Ìjàpá, àti Peugeot 504 ṣe àpẹẹrẹ, nítorí àwọn méjèèjì ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa fi kọ́ṣẹ́. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Ọjọ́ l'Ékòó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ wọn nílẹ̀ yìí. Lẹ́yìn náà la máa wá dé orí Corolla àti Camry, torí pé ọkọ̀ 1998 náà ti di àgbà báyìí.

Bí iná ṣe ń dé orí plọ́ọ̀gì

Bátìrì volt 12 kò lágbára tó láti mú kí iná fò láàárín ẹnu plọ́ọ̀gì. Kọ́ìlì ló ń sọ volt 12 yẹn di ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, kọ́ńtáàtì tó wà nínú dísíríbútọ̀ á máa ṣí, á máa pa dé, bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí. Nígbà tó bá pa dé, iná bátìrì ń gba inú kọ́ìlì kọjá. Bó bá ṣe ṣí báyìí, iná yẹn já lójijì, ìgbà yẹn gan-an ni iná ńlá jáde láti ẹnu kọ́ìlì, tí rótọ̀ á pín in fún plọ́ọ̀gì tó kàn. Kọ̀ńdẹ́ńsà, páàtì kékeré bí agolo, ló ń gba iná tí ì bá máa ta lẹ́nu kọ́ńtáàtì, kí kọ́ńtáàtì má bàa jóná.

Kọ́ìlì: ẹ má fojú rà á, ẹ wọ̀n ọ́n

Ibí yìí lowó ti ń ṣòfò jù. Kọ́ìlì volt 12 tó ń bá kọ́ńtáàtì ṣiṣẹ́ pín sí oríṣi méjì, bẹ́ẹ̀ ojú lásán ò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Oríṣi àkọ́kọ́ ní nǹkan bí 3 ohm nínú, ó lè gba iná bátìrì tààrà. Oríṣi kejì ní nǹkan bí 1.5 ohm péré, ó sì gbọ́dọ̀ ní résísítọ̀ níwájú rẹ̀ tó máa dín iná kù kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Résísítọ̀ yẹn lè jẹ́ nǹkan funfun bí àwo amọ̀ tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ́ìlì, ó sì lè jẹ́ wáyà pàtàkì kan tó fara pa mọ́ sáàárín àwọn wáyà yòókù.

Kí ló dé tí wọ́n fi ṣe oríṣi kejì? Nígbà tí ẹ bá ń fi kọ́kọ́rọ́ sítáàtì ọkọ̀, mọ́tò ìsítáàtì ń fa iná bátìrì gan-an, volt bátìrì á sì wálẹ̀. Ọkọ̀ tó ní résísítọ̀ á yẹra fún résísítọ̀ yẹn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ wọ̀nyẹn, kí kọ́ìlì lè rí iná tó tó. Tí ẹ́ńjìnì bá ti ń ṣiṣẹ́, iná á padà máa gba inú résísítọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Volt 12 tí a bá fi 3 ohm pín jẹ́ amp 4, kọ́ńtáàtì lè fara da ìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé kọ́ìlì 1.5 ohm sínú Ìjàpá tí kò ní résísítọ̀ rárá, amp 8 ló máa gbà á kọjá, ìyẹn ìlọ́po méjì. Ọkọ̀ á kọ́kọ́ dùn ún wà, kódà iná plọ́ọ̀gì á le sí i, oníṣẹ́ á sì máa yangàn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ojú kọ́ńtáàtì á dúdú, á sì jó, kọ́ìlì á gbóná débi tí ọwọ́ ò ní lè gbé e. Tí ó bá wá jẹ́ òdìkejì, tí ẹ gbé kọ́ìlì 3 ohm sínú ọkọ̀ tó ní résísítọ̀, nǹkan kan ò ní jó, ṣùgbọ́n iná á rẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ á máa sítáàtì pẹ̀lú wàhálà láàárọ̀, á sì máa jẹ́ẹ̀kì tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lórí òkè. Irú èyí ni wọ́n máa ń torí ẹ̀ tú kábúrẹ́tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láìjẹ̀bi.

Ohun tó máa yanjú ẹ̀ ni mítà, irú èyí tí ríwáyà ń lò. Ẹ gbé e sí orí ohm tó kéré jù, ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu wáyà mítà méjèèjì kan ara wọn, kí ẹ wo iye tó kọ. Ẹ máa yọ iye yẹn kúrò lẹ́yìn náà, nítorí pé 0.4 ohm lásán lè ṣi yín lọ́nà lórí nǹkan kékeré báyìí. Kí ẹ wá fi ọ̀kan kan ẹnu kọ́ìlì tó jẹ́ +, èkejì sí ẹnu tó jẹ́ −. Lára kọ́ìlì Bosch, 15 ni wọ́n kọ sí +, 1 ni wọ́n kọ sí −, ihò àárín tó jẹ́ 4 sì ni ti wáyà ńlá. Kọ́ìlì búlúù ti Bosch tí ọ̀pọ̀ ń lò fún Ìjàpá máa ń ju 3 ohm lọ díẹ̀. Tí èyí tí wọ́n gbé fún yín nínú páálí búlúù bá kọ 1.5, ẹ dá a padà sórí káńtà.

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa Ìjàpá. Àwọn tó ti pẹ́ gan-an, ti ọdún 1950 sókè títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sókè, bátìrì volt 6 ni wọ́n gbé wá láti ilé iṣẹ́. Kọ́ìlì volt 6 kì í gbé pọ̀ mọ́ bátìrì volt 12. Tí wọ́n bá ti yí ọkọ̀ yín padà sí volt 12, ẹ rí i pé wọ́n pààrọ̀ kọ́ìlì pẹ̀lú rẹ̀.

Kọ́ńtáàtì àti dísíríbútọ̀: orúkọ ọkọ̀ nìkan ò tó

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní kọ́ńtáàtì sẹ́ẹ̀tì Pijó 504." Ọlọ́jà tó mọṣẹ́ á bi yín pé, "Ti Ducellier ni àbí ti Marchal?" Ìbéèrè gidi ni. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe dísíríbútọ̀ fún 504 ju ẹyọ kan lọ, Ducellier àti SEV Marchal sì ni wọ́n wọ́pọ̀ jù. Ọkọ̀ méjì tó jẹ́ ọdún kan náà lè gbé dísíríbútọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kọ́ńtáàtì ti ọ̀kan kì í jókòó dáadáa nínú èkejì, rótọ̀ àti ìdérí wọn náà yàtọ̀. Ẹ wo ara irin dísíríbútọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ nu ọ̀rá kúrò, ẹ máa rí orúkọ àti nọ́ńbà níbẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ mú lọ sọ́jà. Ẹ má gbàgbé pé ẹnì kan lè ti pààrọ̀ dísíríbútọ̀ yẹn láti ogún ọdún sẹ́yìn, ìwé ọkọ̀ ò sì ní sọ ìyẹn fún yín.

Tí ẹ bá ra kọ́ńtáàtì, ẹ fi síbẹ̀, kí ẹ yí ẹ́ńjìnì títí kọ́ńtáàtì á fi ṣí dé ibi tó ṣí jù. Fílà géèjì 0.4 mílímítà ni kó wọ àárín rẹ̀ fún Ìjàpá, bẹ́ẹ̀ náà ni fún ọ̀pọ̀ 504. Ìwé kékeré tí wọ́n ń yọ lára páálí sìgá, tí àwọn kan fi ń wọ̀n ọ́n, kò dára tó. Tí àlàfo bá kéré jù, kọ́ńtáàtì á pẹ́ ní pípa dé, á gbóná. Tó bá tóbi jù, kọ́ìlì ò ní rí àkókò gba iná tó tó. Bákan náà, bí ẹ bá ti yí àlàfo yìí padà, tàmíìn ti yí padà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà àlàfo lẹ ń kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ tó ṣe tàmíìn.

Kọ̀ńdẹ́ńsà ni wọ́n máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú jù. Iye tó wọ́pọ̀ fún ọkọ̀ báwọ̀nyí jẹ́ nǹkan bí 0.2 sí 0.25 microfarad. Èyí tí kò bá iye ọkọ̀ yín mu á mú kí irin kúrò lójú kọ́ńtáàtì kan lọ lẹ̀ mọ́ ojú èkejì: òkè kékeré á yọ síbì kan, kòtò á wà níbì kejì. Tí ẹ bá tú kọ́ńtáàtì tí kò tíì pẹ́, tí ẹ rí òkè àti kòtò, kọ̀ńdẹ́ńsà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Láàárín tòkunbọ̀ àti tuntun, èmi á ní kí ẹ ra kọ̀ńdẹ́ńsà tòkunbọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ kan dípò tuntun tí kò lórúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ìmọ̀ràn tí mo máa gbà yín lórí plọ́ọ̀gì.

Àwọn onÌjàpá tún ní ọ̀ràn kan tó jẹ́ tiwọn. Dísíríbútọ̀ kan wà tí gbogbo ọjà mọ̀ sí 009. Bosch ló ṣe é, àmọ́ àwọn mìíràn ti ṣe irú rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Ó rọrùn láti fi sínú, kò sì ní rọ́bà tó ń fa afẹ́fẹ́ láti kábúrẹ́tọ̀. Ṣùgbọ́n kábúrẹ́tọ̀ tí wọ́n ṣe fún dísíríbútọ̀ onírọ́bà ń retí pé kí tàmíìn tètè yára nígbà tí ẹ bá tẹ ìtẹ̀sẹ̀ epo. Tí 009 bá wà níbẹ̀, ọkọ̀ á dákẹ́ díẹ̀, á ṣe bí ẹni tó fẹ́ kú, kó tó fa. Kò sí plọ́ọ̀gì tàbí kọ́ìlì kankan tó máa wo èyí sàn. Tí ẹ bá wá ń lò ó, tàmíìn rẹ̀ ni kí wọ́n ṣe nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń yí gan-an, ní nǹkan bí 3500 lẹ́ẹ̀kan ìṣẹ́jú, kó wà láàárín 28 sí 32 dígírì.

Nọ́ńbà ara plọ́ọ̀gì

Plọ́ọ̀gì tí kò bá ọkọ̀ mu lè ba ẹ́ńjìnì jẹ́ pátápátá, kọ́ńtáàtì kì í ṣe ìyẹn. Gígùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ẹ kọ́kọ́ wò, ìyẹn ibi tí tírẹ́ẹ̀dì wà. Ìjàpá ń lo ẹsẹ̀ kúkúrú, 12.7 mílímítà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn ń lo 19 mílímítà. Fífẹ̀ méjèèjì jẹ́ 14 mílímítà, nítorí náà èyí tó gùn á wọ inú Ìjàpá wẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yọ sínú sílíńdà, písítìn sì lè kọ lù ú. Èyí tó kúrú nínú ihò gígùn náà ò dára: èédú á kún tírẹ́ẹ̀dì tó ṣófo, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ padà sí èyí tó tọ́, kò ní wọlé mọ́.

Lára NGK, B5HS jẹ́ ti Ìjàpá. B ni fífẹ̀ 14 mílímítà, 5 ni bó ṣe ń gbóná tó, H ni ẹsẹ̀ 12.7. Nínú BP6ES, E ló dúró fún ẹsẹ̀ 19, P sì túmọ̀ sí pé imú rẹ̀ yọ síta. Tí ẹ bá rí R, bíi nínú BKR6E-11, résísítọ̀ wà nínú rẹ̀, 11 tó wà lẹ́yìn ni àlàfo ẹnu rẹ̀, 1.1 mílímítà. Àlàfo yẹn fẹ̀ jù fún Ìjàpá oníkọ́ńtáàtì, tó yẹ kó wà láàárín 0.6 sí 0.7.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọ́pọ̀ ni nọ́ńbà ooru. Lára NGK àti Denso, bí nọ́ńbà bá ṣe ń tóbi sí i ni plọ́ọ̀gì ń tutù sí i. Lára Bosch àti Champion, òdìkejì gbáà ni: bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi ló ń gbóná sí i. Ẹni tó ń lo NGK tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 6, tó wá lọ ra Bosch tó ní 6 nítorí nọ́ńbà jọra, ti ra ohun mìíràn. BP6ES ti NGK bá W20EP ti Denso, W7DC ti Bosch àti N9YC ti Champion dọ́gba. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin yẹn dáadáa, 6, 20, 7, 9, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Plọ́ọ̀gì tó gbóná jù á funfun lẹ́nu bí eérú, ó sì lè mú kí písítìn yọ́. Èyí tó tutù jù á dúdú, á kún fún èédú. Àwọ̀ ilẹ̀ fífẹ́rẹ́ ni a fẹ́.

Wáyà, àti ariwo inú rédíò yín

Ẹ jẹ́ kí n fi ibí yìí gbèjà ilé iṣẹ́ wa díẹ̀. Tí ẹ bá ń gbọ́ wa nínú ọkọ̀, tí ariwo bí ti eṣinṣin ń dún, tó ń lọ sókè bí ẹ ṣe ń tẹ ìtẹ̀sẹ̀ epo, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ló ti ń wá. Iná plọ́ọ̀gì ló ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò yín, AM ló sì ń dà láàmú jù. Wáyà plọ́ọ̀gì, ìbòrí plọ́ọ̀gì, rótọ̀ tàbí plọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní résísítọ̀ tó ń pa ariwo yẹn. Àwọn wáyà olówó pọ́ọ́kú tó jẹ́ kìkì kọ́pà, tí ìbòrí wọn ò ní résísítọ̀, kì í pa á. Ṣùgbọ́n ẹ má tún kó résísítọ̀ lé ara wọn láti ibi rótọ̀ dé plọ́ọ̀gì, iná náà á rẹ̀wẹ̀sì.

Wáyà tó ní résísítọ̀ di dandan tí ẹ bá ti yọ kọ́ńtáàtì kúrò, tí ẹ fi ẹ̀rọ alágbára ìgbàlódé rọ́pò rẹ̀ nínú dísíríbútọ̀, irú bíi Pertronix, nítorí ariwo yẹn lè da ẹ̀rọ náà láàmú. Fún ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́rin, Pertronix Ignitor àkọ́kọ́ ń fẹ́ kọ́ìlì tí kò dín ní 3 ohm. Wáyà pupa rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba volt 12 tó péye, kì í ṣe èyí tó ti gba inú résísítọ̀ kọjá. Tí ẹ bá ṣi pupa àti dúdú fi sí, ó ti jó nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní títàn láti máa gbọ́ rédíò nígbà tí ẹ́ńjìnì ò ṣiṣẹ́.

Corolla àti Camry

Níbí, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ kọ́ńtáàtì. Corolla tó wá láti Amẹ́ríkà títí dé 1997 ṣì ní dísíríbútọ̀. Ti 1998 àti 1999 ní kọ́ìlì méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bójú tó plọ́ọ̀gì méjì. Láti 2000, kọ́ìlì mẹ́rin ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan jókòó lórí plọ́ọ̀gì tirẹ̀. Camry 2.2 láti 1997 dé 2001 náà jẹ́ oníkọ́ìlì méjì. Nítorí náà "kọ́ìlì Corolla 1ZZ" ò tíì tó láti sọ fún ọlọ́jà, ẹ ní láti sọ ọdún.

Àwọn kọ́ìlì tó ń jókòó lórí plọ́ọ̀gì yìí jọra ju ti Ìjàpá lọ. Ti Corolla 1ZZ-FE jẹ́ 90919-02239. Ti Camry 2.4, ẹ́ńjìnì 2AZ-FE, jẹ́ 90919-02244. Ẹnu méjèèjì ní irin mẹ́rin, ọlọ́jà sì lè ní "ọ̀kan náà ni". Nọ́ńbà ni kí ẹ gbà gbọ́. Nínú irin mẹ́rin yẹn, ọ̀kan wà tí kọ́ìlì fi ń dá kọ̀ǹpútà lóhùn pé iná ti ta. Ayédèrú tí kò lè dáhùn dáadáa á mú kí iná ẹ́ńjìnì tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná plọ́ọ̀gì rẹ̀ ń ta.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò bá kọ P0301, sílíńdà kìíní ni iná ò ti ta dáadáa, P0302 jẹ́ ti ìkejì, bẹ́ẹ̀ títí dé P0304. Nínú oníkọ́ìlì mẹ́rin, ẹ gbé kọ́ìlì kìíní lọ sí orí ìkejì, ti ìkejì wá sí orí ìkíní. Tí kóòdù bá tẹ̀ lé e lọ, tó di P0302, kọ́ìlì ló bàjẹ́, ẹyọ kan péré lẹ máa rà. Tí kò bá kúrò níbẹ̀, ẹ dojú kọ plọ́ọ̀gì, wáyà tàbí ẹ̀rọ tó ń fọ́n epo. Mẹkáníìkì tó bá ní kí ẹ ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láì kọ́kọ́ ṣe èyí ń ná yín lówó.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ sọ́jà

Ẹ tú ti àtijọ́ dání. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ara dísíríbútọ̀ tàbí ti ara kọ́ìlì sórí fóònù. Ẹ mú mítà lọ tàbí kí ẹ bẹ ríwáyà yín kó tẹ̀ lé yín, owó tí ẹ máa fún un kéré sí owó kọ́ìlì kejì. Ọlọ́jà páàtì kì í fẹ́ gba nǹkan oníná padà, nítorí náà ẹ jọ fẹnu kò kí ẹ tó sanwó pé ẹ máa wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀. Tó bá kọ̀, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn. Tí ti àtijọ́ tí ẹ pààrọ̀ bá ṣì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, ẹ fi sínú búùtù, kí ẹ kọ ohm rẹ̀ sí i lára pẹ̀lú máákà.